Àṣìtẹ̀: ohun tí àárẹ̀ ń fi ọwọ́ ẹni ṣe lọ́jà ṣíà

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá, 2005, ilé iṣẹ́ alágbàtà kan ní Tokyo, Mizuho Securities, fẹ́ bá oníbàárà rẹ̀ ta ṣíà kan ṣoṣo, ìyẹn ìpín kan nínú ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ J-Com, ní 610,000 yen, owó Japan. Ohun tí òṣìṣẹ́ wọn tẹ̀ ni pé kí wọ́n ta ṣíà 610,000 ní yen kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ṣíà tí J-Com ní kò tó 15,000. Kọ̀ǹpútà kìlọ̀, wọ́n tẹ ìkìlọ̀ náà kọjá. Nígbà tí ojú wọn là, tí wọ́n fẹ́ fagi lé àṣẹ náà, ẹ̀rọ ọjà Tokyo kò gbà. Àdánù tó tó bílíọ̀nù 40 yen ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Òyìnbó ń pe irú èyí ní fat finger, ìka tó sanra jù fún bọ́tìnì. Àṣìtẹ̀ ni èmi ń pè é. Orúkọ òyìnbó yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ó di gbogbo ẹ̀bi ru ìka. Ta ni ìka rẹ̀ kì í ṣì í? Ojú ló yẹ kó mú un kó tó jáde. Ojú tó ti rẹ̀ kì í ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ohun tí ọkàn ti pinnu láti rí ló ń rí.

Ẹ sì kíyè sí i pé àárọ̀ ni ti Tokyo ṣẹlẹ̀, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kò tíì lù, àwọn tó fi ṣe iṣẹ́ sì ni. Ti ẹni tó ń ra ṣíà Amẹ́ríkà lórí fóònù láti Èkó ńkọ́? Ní àkókò òtútù wọn, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán tiwa ni ọjà New York ń ṣí, ó di aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó tì. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ní Ìkòròdú kí gòsílóò má bàa ká a mọ́nà, bó bá fi máa di mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, ó ti lo wákàtí 17 láìsùn. Ní 1997, àwọn onímọ̀ kan ní Ọsirélíà dán irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò: lẹ́yìn wákàtí 17, bí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kò sàn ju ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05% lọ. Ìwọ̀n yẹn ni òfin ọ̀pọ̀ ìlú fi ń gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ awakọ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ń ra ṣíà.

Bí ọkàn kò bá sí níbẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀ ń fi ojú kan wo bọ́ọ̀lù, ọmọ ń ké, WhatsApp ń dún, orúkọ lásán ni ẹ ó máa rà. Nígbà kòrónà, ZM ni àmì ṣíà (lẹ́tà díẹ̀ tí wọ́n fi ń dá ṣíà mọ̀ lọ́jà) ti Zoom tí gbogbo ayé fi ń ṣèpàdé. Ilé iṣẹ́ kékeré mìíràn ló ni àmì ZOOM. Àwọn èèyàn ṣáà ń ra èyí tí kì í ṣe é, títí SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà ní Amẹ́ríkà, fi dá ọjà rẹ̀ dúró ní oṣù Kẹta, 2020.

Ibi tó ti ń dùn mí jù ni àṣẹ tí kò dárúkọ iye owó. Ta ló ń rán ọmọ lọ sọ́jà pé kó ra tòmátò ní iyekíye tí wọ́n bá pè é? Áàpù ń gbà yín láàyè láti sọ pé “má kọjá iye báyìí”, ṣùgbọ́n ó gba kí ẹ tẹ nọ́ńbà kan sí i, ẹni tí oorun ń kùn kì í sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Èmi náà ti tẹ “rà” nígbà tí mo fẹ́ tà, lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ. Àárọ̀ ni mo ń kọ àṣẹ mi báyìí, sínú ìwé: àmì, iye ṣíà, owó tí n kò ní kọjá. Lálẹ́, mo kàn ń dà á kọ ni. Bí ohun tó wà lójú fóònù bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, mo pa fóònù, ó di ọ̀la.