Ibi tí dátà ti ń bàjẹ́ láìpariwo

Èrò kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn alákòóso ilé iṣẹ́: pé bí dátà bá ní àṣìṣe, kọ̀ǹpútà á sọ. Lójú wọn, iye tó bá ti dé orí dashboard, ìyẹn ojú ìwé tí wọ́n ti ń wo iye àti àwòrán ilé iṣẹ́, ti la àyẹ̀wò kọjá nìyẹn. Èrò yìí ń ṣe ìpalára gidi. Àṣìṣe tó bá dá kọ̀ǹpútà dúró kò léwu, nítorí wọ́n á rí i, wọ́n á sì tún un ṣe. Èyí tó léwu ni èyí tí kọ̀ǹpútà gbà wọlé, tó ṣírò, tó sì gbé èsì rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́.

Kíkó dátà jọ àti yíya àwòrán rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà, níbi tí wọ́n ti ń so àtẹ kan mọ́ òmíràn. Láti ọdún 1970 tí Edgar F. Codd, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, ti gbé ìlànà pípín dátà sí àtẹ tó bára tan jáde, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í kó gbogbo nǹkan sójú kan mọ́. Àtẹ oníbàárà wà lọ́tọ̀, ti ọjà títà wà lọ́tọ̀, ti ìsanwó náà wà lọ́tọ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ló sì so wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Bí oníbàárà bá yí àdírẹ́sì padà, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n á ti tún un kọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjà títà kan, nọ́ńbà 1042. Ìlà kan ló ní nínú àtẹ ọjà títà, iye rẹ̀ sì jẹ́ 900. Nínú àtẹ ẹrù, ó ní ìlà 3, torí oríṣi ẹrù 3 ni oníbàárà rà. Nínú àtẹ ìsanwó, ó ní ìlà 2, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló san owó náà: 500 lákọ̀ọ́kọ́, 400 lẹ́yìn náà. Òṣìṣẹ́ kan wá fi JOIN, àṣẹ tó ń so àtẹ pọ̀ nínú SQL, èdè tí wọ́n fi ń bi dátà ní ìbéèrè, so àtẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìlà ẹrù kọ̀ọ̀kan á bá ìlà ìsanwó kọ̀ọ̀kan pàdé, ìlà 6 á sì jáde. Bó bá ní kí SUM, àṣẹ tó ń ro iye pọ̀, ro ìsanwó, 2,700 ni yóò rí. Bó bá ní kó ro iye ọjà títà, 5,400 ni. Owó tó wọlé kò ju 900 lọ. Bí ìgbà tí èèyàn pe orúkọ kan láàárín èrò tí ẹni mẹ́ta dáhùn ni: ẹni tó pè kò ṣẹ̀, àwọn tó dáhùn náà kò ṣẹ̀, ìbéèrè ni kò tó.

Ohun tó mú un le ni pé kì í ṣe gbogbo ọjà títà ló ń pọ̀ sí i báyìí. Ẹni tó ra ẹrù kan, tó sanwó lẹ́ẹ̀kan, iye tirẹ̀ á pé. Àwọn tó ra oríṣi ẹrù púpọ̀, tàbí tó sanwó díẹ̀díẹ̀, ni owó wọn lè wú. Èsì náà á wá dà bí ìròyìn ayọ̀, pé àwọn olùrà ńlá ló ń gbé ilé iṣẹ́ ró, owó ìpolówó á sì tẹ̀ lé wọn. Ta ni yóò yẹ ìròyìn ayọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré fi DISTINCT, tó ń ka iye tó jọra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sí i. Kò tún nǹkan ṣe. Bí oníbàárà bá san 450 lẹ́ẹ̀mejì, SUM(DISTINCT) á ka ìkan ṣoṣo, 450 kejì á sì wọlẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi GROUP BY, tó ń kó ìlà tó bára mu jọ, ro ìsanwó pọ̀ títí tí ọjà títà kọ̀ọ̀kan fi ní ìlà kan péré, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹrù náà, kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀.

Dátà lè sọnù bákan náà. INNER JOIN máa ń ju ìlà tí kò rí ẹnì kejì nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà 00417 tó gba inú Excel kọjá lè jáde bíi 417, kò sì ní bá ojúgbà rẹ̀ mu mọ́. Àyè tó ṣófo, ìyẹn NULL, kì í bá ohunkóhun dọ́gba, títí kan NULL mìíràn.

Ilẹ̀ England rí irú èyí ní ọdún 2020. Public Health England ń kó èsì àyẹ̀wò COVID-19 sínú fáìlì XLS, irú fáìlì Excel àtijọ́, èyí tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ, bẹ́ẹ̀ èsì ẹnì kan máa ń gba ìlà mélòó kan. Èyí tó kù kò ráyè wọlé. Èsì 15,841 láàárín September 25 sí October 2 ni kò sí nínú iye tí wọ́n ń kéde lójoojúmọ́. Àwọn tó ní àrùn náà gba èsì tiwọn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn tó ń wá ẹni tó fara kàn wọ́n tó gbọ́.

Àyẹ̀wò tó lè mú irú àṣìṣe yìí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí wọ́n ka ìlà kí wọ́n tó so àtẹ pọ̀, kí wọ́n tún un kà lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n fi COUNT(*), iye gbogbo ìlà, wé COUNT(DISTINCT), iye èyí tó yàtọ̀ síra, lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, nọ́ńbà kan ti wà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí kí àyè kan ṣófo. Kí wọ́n lo LEFT JOIN, tó ń pa gbogbo ìlà àtẹ àkọ́kọ́ mọ́, kí wọ́n ka iye tí kò rí ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi àpapọ̀ rẹ̀ wé ìwé akáǹtì. Ó sàn kí àyẹ̀wò wọ̀nyí máa dá ṣiṣẹ́ láràárọ̀, kí dashboard má sì yí padà bí ọ̀kan bá kùnà. Iye àná tó pé wúlò ju iye òní tó wú lọ.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ pé ilé iṣẹ́ gba oníbàárà láyè láti san owó díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń gba owó ló mọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ JOIN, kó lọ bi wọ́n pé kí ni ìlà kan nínú àtẹ yìí dúró fún, kó sì kọ ìdáhùn náà sí àlàyé àtẹ náà, níbi tí ẹni tó máa lò ó lẹ́yìn rẹ̀ á ti rí i.