«Ẹni Tí Mo Mọ̀ Ló Fi Ránṣẹ́ Sí Mi»: Ìdí Tí Ìfọkàntán Kì í Fi Í Ṣe Ẹ̀rí

Ní òru ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ní nǹkan bí agogo mẹ́ta, àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, pe ilé wa pé kí gbogbo wa tètè dìde, kí á da iyọ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí á fi wẹ̀, kí á sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, torí pé omi iyọ̀ náà nìkan ló lè dènà àrùn Ebola. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ìyá mi bu iyọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi ọwọ́ rò ó. Bàbá mi, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra láti ọjọ́ pípẹ́, gbé odindi ife kan mu, wọ́n sì fajú ro.

Ẹ̀rù tó wà nílẹ̀ nígbà náà kì í ṣe kékeré. Patrick Sawyer tó gbé àrùn náà wá láti Liberia wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ó sì kú ní ọjọ́ 25. Nígbà tí ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ jáde, WhatsApp, BBM (ìkànnì ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí fóònù BlackBerry), àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìpè orí fóònù gbé e káàkiri Nàìjíríà ní òru kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irọ́ ni, àti pé ó kéré tán ènìyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀. Àpọ̀jù iyọ̀ a máa fa omi jáde kúrò nínú àwọn ẹ̀yà ara, a sì máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè. Ewu ńlá ni fún ẹni tí kíndìnrín tàbí ọkàn rẹ̀ kò dá ṣáká. Ebola fúnra rẹ̀ pa ènìyàn 8 ní gbogbo orílẹ̀-èdè wa kí wọ́n tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbàgbọ́ òdì tí mo ń bá wí níhìn-ín kì í ṣe ti iyọ̀. Ti abẹ́ rẹ̀ ni: pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ti ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í parọ́ wá, òótọ́ ni. Àǹtí mi kò parọ́ fún wa rí, wọn kò sì parọ́ lóru ọjọ́ náà, torí pé òpùrọ́ ni ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. Inú rere ni wọ́n fi jí wa. Irọ́ ni wọ́n jí wa sí.

Nígbà tí àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́, ẹni tó di ẹrù náà ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gbé e wá lè má tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lórí fóònù wa lónìí, ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà dorí kodò: orúkọ àti fọ́tò ẹni tó gbé iṣẹ́ wá là ń rí, ẹni tó rán an sì fara pamọ́. A wá ń fi ìwà ọmọlúàbí ẹni tó gbé e wá ṣe ẹ̀rí fún ẹni tí a kò mọ̀ rí. Mo sì rò pé ohun mìíràn tún ran irọ́ yẹn lọ́wọ́: omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ti mọ́ àwọn ìyá lára, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí etí wọn.

Láti oṣù Keje ọdún 2018 ni WhatsApp ti ń fi àmì sára àtagbà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn gbà tó sì tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ọfà méjì sì máa ń wà lára èyí tó ti rìn jìnnà. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lèèyàn lè fi irú èyí ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Àmì yìí wúlò, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti da ọ̀rọ̀ náà kọ, tó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé tuntun, àmì á pòórá, yóò sì dà bí ẹni pé òun ló fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Ní ọdún 2018 kan náà, àwọn olùwádìí ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí nǹkan bí ìròyìn 126,000 tó rìn lórí Twitter láti 2006 dé 2017: irọ́ yára tàn ju òótọ́ lọ, kì í sì ṣe ẹ̀rọ tó ń dá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló fà á bí kò ṣe àwa ènìyàn.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn òru omi iyọ̀ yẹn, mo bi àǹtí mi pé ta ló sọ fún wọn. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ wọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, èèyàn dáadáa ni. Ọ̀rẹ́ náà ní ọmọ òun tó wà n'Ìbàdàn ló pè. Ọmọ náà ní ẹni tí àwọn jọ ń gbé yàrá ló fi hàn òun, èyí náà sì ní, «Wọ́n kàn fi sí orí fóònù mi ni.»