Ìdí tí ìlà íméèlì fi ń fọ́nká, àti bí a ṣe ń tò ó

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Kubwa, Àbújá, tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé sínú Word, ó kọ́pì rẹ̀ sínú íméèlì, ó fi ránṣẹ́. Lójú tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ gún régé. Lórí fóònù àwọn tó wà ní Nyanya, àlàfo gbàgede ló wà láàárín orúkọ kan sí èkejì. Fóònù kọ́ ló jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ́pì láti inú Word kì í wá níhòòhò. Ó gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀ wá: irú lẹ́tà, bó ṣe tóbi tó, àti àyè tí Word ń fi sábẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti Word 2013, póìǹtì 8 ni àyè yẹn bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Lójú Word, Enter kò túmọ̀ sí "bọ́ sí ìlà kejì". "Ìpínrọ̀ yìí ti parí" ló túmọ̀ sí. Ẹni tó tẹ Enter lẹ́yìn orúkọ ogún èèyàn ti kọ ogún ìpínrọ̀ nìyẹn, kò sì mọ̀. Shift pẹ̀lú Enter ló ń bọ́ sí ìlà kejì láìfi àyè sílẹ̀. Ní Gmail, Enter kan, ìlà kan péré.

Kí a bọ́ aṣọ náà lẹ́nu ọ̀nà ló dára jù. Ní Gmail, Ctrl, Shift àti V lẹ́ẹ̀kan náà ń gbé ọ̀rọ̀ lásán wọlé. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti gbé aṣọ rẹ̀ wọlé tán, kí a yan gbogbo rẹ̀, kí a tẹ Ctrl pẹ̀lú \ láti bọ́ ọ. Àkọlé tó dúdú kirikiri náà yóò bá a lọ o. A óò tún un ṣe.

Ti ọ̀rọ̀ tí a fà yọ ló le jù. Nínú íméèlì tí kò ní aṣọ rárá, àmì > ló ń wà níwájú ìlà tí ẹlòmíràn kọ. RFC ni orúkọ àwọn ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì; RFC 5322 ti ọdún 2008, tó jẹ́ ti íméèlì, sọ pé kò yẹ kí ìlà kan ju lẹ́tà 78 lọ. Akọ̀wé kọ̀wé, alága fèsì, akápò fèsì sí ti alága:

> > Ìpàdé fẹnu kò pé owó ọdọọdún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan di ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó dín
igba.

Nígbà tí > jẹ́ ẹyọ kan, ìlà náà jẹ́ 78 gẹ́lẹ́, lẹ́tà, àmì àti àlàfo. Èkejì dé, ó di 80, ètò íméèlì sì gé e. "Igba" wá dá dúró láìní àmì, bíi pé akápò ló ń dá owó tirẹ̀ lé. Kọ́sọ̀ síwájú "igba", Backspace lẹ́ẹ̀kan, àlàfo kan bí kò bá sí níbẹ̀, ó ti padà sílé.

RFC 3676 ti ọdún 2004 gbìyànjú láti wo àrùn yìí: àlàfo kan ní ìparí ìlà ń sọ fún ètò tó gbà á pé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀, kó so wọ́n pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ètò ló ń lò ó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tẹ Enter láàárín ìpínrọ̀ torí kí ìlà lè dọ́gba. Fóònù ẹni tó ń kà á ló mọ ibi tí yóò ti ṣẹ́ ẹ.

Àgékúrò ló sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ >>>>. Kí akápò fi ìlà owó yẹn nìkan sílẹ̀, kó kọ èsì rẹ̀ sábẹ́, kó gé orúkọ ogún èèyàn àti àdúrà ìparí kúrò.