Qi nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà

Qi (pípè rẹ̀ sún mọ́ "ṣì") ni orúkọ tí ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà fún agbára tó ń mú ara ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n gbà pé ó ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri, tó ń mú ara lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń mú oúnjẹ dà, tó sì ń dènà àìsàn. Bí qi bá tó, tó sì ń lọ geerege, ara á le. Bó bá dín kù, tó há síbì kan, tàbí tó kọrí síbi tí kò yẹ, àìsàn wọlé nìyẹn. Ní Japan, ki ni wọ́n ń pè é. Ní Kòríà, gi.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn amòye Ṣáínà kó tó di ti oníṣègùn. Ìwé Zhuangzi sọ pé bí qi bá kó jọ, ìyè ni. Bó bá tú ká, ikú ni. Ní 1973, àwọn awalẹ̀pìtàn hú àwọn ìwé tí wọ́n kọ sára aṣọ sílíkì jáde nínú ibojì kan ní Mawangdui, ní ìlú Changsha. Láti ọdún 168 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ti dí ibojì náà. Ipa ọ̀nà 11 nínú ara ni àwọn ìwé yẹn tò sílẹ̀, wọn kò sì mẹ́nu ba ojú ibi tí oníṣègùn Ṣáínà máa ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní oògùn gún láti tún ìrìn qi ṣe. Àwòrán ènìyàn 44 tó ń na ara, tó ń tẹ̀, tó ń mí, wà pẹ̀lú wọn.

Ìwé tó wá to ẹ̀kọ́ náà jọ ni Huangdi Neijing, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé wọ́n ṣàkójọ rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì sí èkínní ṣáájú ìbí Jésù. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni, láàárín Huangdi, ọba inú ìtàn àtijọ́, àti oníṣègùn rẹ̀, Qi Bo. (Qi ti orúkọ yìí kì í ṣe qi tí à ń sọ, àmì ìkọ̀wé wọn yàtọ̀.) Ibi kan wà nínú rẹ̀ tó fi bí qi ṣe ń ṣe hàn kedere. Ìbínú a máa gbé qi gòkè, ayọ̀ a máa dẹ̀ ẹ́, ìbànújẹ́ a máa gbọ́n ọn gbẹ, ìbẹ̀rù a máa fà á wálẹ̀. Òtútù a máa sún un kì, ooru a máa tú u síta. Ìjayà a máa dà á rú, iṣẹ́ àṣekúdórógbó a máa jẹ ẹ́ tán, àròjù a sì máa ta á ní kókó. Mẹ́fà nínú ohun mẹ́sàn-án yìí ló jẹ́ ti ọkàn, ìdí sì nìyẹn tí inú rírun àti ìjà ilé fi lè jẹ́ ẹjọ́ kan náà lójú àwọn oníṣègùn wọ̀nyí.

Oríṣiríṣi ni qi. Yuanqi ni èyí tí ènìyàn jogún lọ́dọ̀ òbí. Inú kíndìnrín ló ń gbé, ó sì ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ló ń pèsè èyí tó kù. Yingqi ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn láti bọ́ ara. Weiqi ń ṣọ́ ẹ̀yìn odi: ó ń rìn lábẹ́ awọ, ó ń ṣí ihò òógùn, ó ń tì í, wọ́n sì ní ó ń yí ara ká nígbà 50 láàárín ọ̀sán àti òru. Ipa ọ̀nà pàtàkì 12 ni qi ń gbà, ojú ibi 361 ló sì wà nínú ìlànà abẹ́rẹ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde.

Oníṣègùn á fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ aláìsàn kó lè mọ bí iṣan ṣe ń lù, á sì wo ahọ́n rẹ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí iṣẹ́ kékeré, tó ń làágùn láìsí ìdí, tí ahọ́n rẹ̀ sì funfun, qi rẹ̀ kò tó nìyẹn. Ginseng, gbòǹgbò ewéko kan, wà lára ohun tí wọ́n máa ń sè fún un. Qi ikùn yẹ kó máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Bó bá yí padà tó ń gòkè, òsúkè, gígùnfẹ̀ àti èébì ni yóò mú wá.

Li Dongyuan (1180–1251) wà lára àwọn tó tẹ ìmọ̀ yìí síwájú jù. Ní 1232, àwọn ọmọ ogun Mongol dó ti ìlú Kaifeng, lẹ́yìn náà àìsàn pa ọ̀pọ̀ ará ìlú. Àwọn oníṣègùn kan ń tọ́jú rẹ̀ bí òtútù tó wọra láti ìta. Li ní rárá, ebi àti àárẹ̀ ló ba qi ikùn jẹ́, àti pé oògùn tó ń múni làágùn tàbí yàgbẹ́ ló ń parí iṣẹ́ tí ebi bẹ̀rẹ̀. Àgbo rẹ̀, Bu Zhong Yi Qi Tang, tí gbòǹgbò ewéko kan tí wọ́n ń pè ní huangqi jẹ́ olórí nínú rẹ̀, wọ́n ṣì ń lò ó di òní.

Kò sí ẹ̀rọ kankan tó tíì rí qi tàbí ipa ọ̀nà rẹ̀ nínú ara. Ìwádìí kan ní Jámánì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007, pín aláìsàn 1,162 tí ẹ̀yìn ń ro sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n gún àwọn kan ní ojú ibi tí ẹ̀kọ́ qi là sílẹ̀. Wọ́n gún àwọn kan fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí kì í ṣe ojú ibi kankan. Àwọn tó kù gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn tó wọ́pọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara ti rọ ìdá 47.6 nínú 100 àwọn ti àkọ́kọ́, ìdá 44.2 àwọn ìkejì, àti ìdá 27.4 àwọn ìkẹta. Abẹ́rẹ́ ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́ nǹkan, èyí sì nira fún ẹ̀kọ́ ipa ọ̀nà láti dáhùn.

Àwọn kan máa ń fi Tu Youyou, onímọ̀ ará Ṣáínà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015 fún artemisinin, oògùn ibà, gbe qi lẹ́sẹ̀. Lóòótọ́, ìwé àtijọ́ Ṣáínà ló tọ́ka ewé tí wọ́n ti rí artemisinin, èyí tó wà nínú oògùn ibà tí à ń rà ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kòkòrò ibà ni kẹ́míkà náà ń pa, a kò sì nílò qi láti ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ̀dà kọkànlá ìtòlẹ́sẹẹsẹ àrùn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022, ní orí kan fún ìṣègùn ìbílẹ̀, àìtó qi sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀. Àjọ náà ṣàlàyé pé kí wọ́n lè máa ka iye aláìsàn ni, pé òun kò fi ìyẹn jẹ́rìí sí ìtọ́jú náà.