Ṣé gáàsì fíríìjì ló dá sánmà lu ni ooru fi ń mú báyìí?

Mọ́mì kan tó ń ta mínírà àti piọ wọ́tà ní àdúgbò wa pe ẹlẹ́rọ̀ wá wo fíríìjì wọn ní Sátidé tó kọjá, tòkunbọ̀ ni, ó ti darúgbó, kò mú omi tutù mọ́. Bọ̀dá yẹn kàn fi píláyà gé ẹnu páìpù kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ṣíìììì, gbogbo gáàsì inú ẹ̀ bá tú jáde, kò rùn, kò léèéfín. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní "Mọ́mì, gáàsì yìí ni wọ́n ní ó dá sánmà lu o, òun ló jẹ́ kí ooru máa pa wá." Èmi ni Mọ́mì wá kọjú ìbéèrè sí, torí wọ́n mọ̀ pé mo máa ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mọ́mì: Ṣé lóòótọ́ ni sánmà lu?

Kò lu bí ìkòkò ṣe ń lu mà. Ozone ni orúkọ nǹkan tó wà lókè yẹn, gáàsì ni òun náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sí 35 sókè, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó gba ìtànṣán tó ń jó awọ ara, tó ń fa jẹjẹrẹ awọ, dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ibi tó ti tín-ín-rín gan-an ni wọ́n ń pè ní ihò, Antarctica ló sì wà, ní ìsàlẹ̀ ayé níbi tó jẹ́ yìnyín ni gbogbo ẹ̀, oṣù September sí October ló máa ń fẹjú jù. Kò sí lórí Ìbàdàn o. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Joe Farman àti àwọn ẹmẹ̀wà ẹ̀, ló kéde ẹ̀ ní 1985.

Mọ́mì: Fíríìjì tèmi tó wà níbí, báwo ni gáàsì ẹ̀ ṣe máa dé ọ̀hún?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi. Láyé àtijọ́, ammonia àti àwọn gáàsì olóró míì ló wà nínú fíríìjì, tó bá jò nínú ilé, ó lè pààyàn. Ní 1928, Thomas Midgley àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà bá gbé gáàsì fíríìjì tuntun kan tí wọ́n ń pè ní CFC jáde, nígbà tó di 1930 ó fa gáàsì yẹn sínú níwájú àwọn onísáyẹ́ǹsì ẹgbẹ́ ẹ̀, ó fẹ́ ẹ lu àbẹ́là, iná kú. Kò pa á, kò sì gbiná, ni inú gbogbo èèyàn bá dùn. (Ọkùnrin yìí kan náà ló ní kí wọ́n máa po òjé mọ́ pẹ́tírò o, ẹ gbà mí!)

Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ yìn ín náà ló padà di wàhálà. Kò sí nǹkan tó ń bà á jẹ́ nílẹ̀ níbí, òjò ò fọ̀ ọ́ kúrò, CFC-12, ọ̀kan nínú wọn, lè lo nǹkan bí 100 ọdún nínú afẹ́fẹ́, atẹ́gùn á sì gbé e káàkiri ayé títí tó fi máa dé òkè pátápátá. Ibẹ̀ ni ìtànṣán oòrùn ti máa ń fọ́ ọ, chlorine, kẹ́míkà kan tó wà nínú ẹ̀, á jáde, ẹyọ chlorine kan ṣoṣo lè ba nǹkan bí 100,000 ozone jẹ́ kó tó dákẹ́. Òtútù Antarctica ló jẹ́ kó burú níbẹ̀ ju ibòmíì lọ. Àwọn onísáyẹ́ǹsì méjì, Molina àti Rowland, ti pariwo ẹ̀ láti 1974, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gáàsì yẹn bá wọn jà gan-an.

Mọ́mì: Ihò yẹn ló wá ń jẹ́ kí ooru mú?

Rárá mà, ibi tí gbogbo wa ti ń ṣì í nìyẹn, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Èéfín mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fa ooru. Ṣùgbọ́n gáàsì fíríìjì fúnra ẹ̀ tún máa ń há ooru mọ́lẹ̀, bí ẹni da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ayé, ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn, kò bá ti ozone tan rárá.

Mọ́mì: Ṣebí wọ́n ti ní gáàsì tuntun?

Wọ́n ti ní in. Àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Montreal, ní Kánádà, ní 1987 pé kí wọ́n dín CFC kù, nígbà tó yá wọ́n ní kó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, ó sì ṣiṣẹ́, ozone ń bọ̀ sípò, wọ́n ní ti Antarctica máa padà síbi tó wà ní 1980 ní nǹkan bí 2066. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn fíríìjì Mọ́mì, mo ka orúkọ gáàsì inú ẹ̀ lára síkà: R-134a. Kò sí chlorine nínú èyí, kò kan ozone. Ṣùgbọ́n kílò kan ẹ̀ ń há ooru tó ti carbon dioxide, gáàsì inú èéfín mọ́tò, bíi kílò 1,400. Tó bá jẹ́ gíráàmù 100 péré ló wà nínú fíríìjì yẹn, ṣíì kan tí bọ̀dá ṣe yẹn dà bí ìgbà téèyàn sun pẹ́tírò lítà 60 nínú jẹnẹrétọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún lọ pàdé ní Kigali, ní Rwanda, ní 2016, kí wọ́n lè máa dín irú èyí náà kù.

Bọ̀dá ní ṣé gáàsì R-600a tó wà nínú àwọn fíríìjì tuntun wá dáa? Ó dáa, kì í fi bẹ́ẹ̀ há ooru, àmọ́ ẹbí gáàsì ìdáná ni, ẹ má jẹ́ kí iná wà nítòsí tẹ́ ẹ bá ń fi sí i.

Mọ́mì: Kí ló yẹ kó ṣe sí gáàsì mi dípò kó tú u dànù?

Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń fa gáàsì padà sínú sílíńdà, kéèyàn sì kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń jò, kó dí i, kó tó rọ òmíràn sí i. Bọ̀dá wò mí tìtì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀yin lẹ máa bá mi rà á àbí Mọ́mì?" Mọ́mì ní kó yáa bá òun ṣe fíríìjì, omi òun ti ń gbóná.