Bí rélùwéè tó dúró sójú kan ṣe ń sáré nínú fíìmù àtijọ́

Tọkùnrin tobìnrin jókòó níbi tí wọ́n ti ń jẹun nínú rélùwéè olówó ńlá, aṣọ funfun lórí tábìlì, odò ń sá kọjá lẹ́yìn wíńdò, ìfẹ́ sì ti ń yọ́ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ mọ ìran yẹn dáadáa. Rélùwéè ọ̀hún ò lọ ibì kankan o. Nínú North by Northwest (1959), 20th Century Limited tó ń ti New York lọ Chicago ni wọ́n ní àwọn wọ̀, rélùwéè gidi ni lóòótọ́ nígbà náà, àmọ́ inú sitúdíò ni wọ́n kan ibi tí Cary Grant àti Eva Marie Saint ti jẹun sí.

Ohun tó ń bíni nínú ni pé téèyàn bá ti sọ èyí tán, wọ́n á ní "ṣebí green screen náà ni." Rárá o! Ti green screen, òṣèré á ti ṣe tiẹ̀ tán níwájú aṣọ aláwọ̀ ewé kí wọ́n tó lẹ àwòrán mọ́ ọn lẹ́yìn. Ti àtijọ́ yìí, àwòrán odò yẹn wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òṣèré lè yíjú kó wò ó.

Wọ́n á kọ́kọ́ rán oníkámẹ́rà lọ wọ rélùwéè gidi, á ya gbogbo ohun tó ń kọjá lójú wíńdò. Ní sitúdíò, wọ́n á ta sikiríìnì ńlá tí iná lè là kọjá sẹ́yìn kọ́ọ̀ṣì onípákó, pùrójẹ́kítọ̀ á wà lẹ́yìn sikiríìnì, kámẹ́rà á wà níwájú, á máa ya òṣèré àti sikiríìnì pọ̀.

Ibi tó dùn nìyí. Fíìmù kì í ṣàn bí omi, ó ń ṣẹ́jú ni, fọ́tò 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ọ̀kan bá sì ń kúrò kí òmíràn tó dé, ojú ẹ̀rọ á pa dé. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ orúkọ yẹn ná, ìṣẹ́jú àáyá, ìgbà tí àáyá fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ yìí sì ti ṣẹ́ tiẹ̀ nígbà 24 kí àáyá tó ṣẹ́ ẹyọ kan! Kámẹ́rà náà ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Tí kámẹ́rà bá wá lajú nígbà tí pùrójẹ́kítọ̀ dijú, òkùnkùn ló máa yà, wíńdò á máa ṣẹ́ pàrà pàrà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi iná mànàmáná so mọ́tò tó ń yí kámẹ́rà àti èyí tó ń yí pùrójẹ́kítọ̀ pọ̀ bí ìbejì, kí wọ́n jọ máa lajú, kí wọ́n jọ máa dijú.

Iná tún jẹ́ wàhálà, torí àárín sikiríìnì máa ń mọ́lẹ̀ ju etí lọ, bí sikiríìnì bá sì ṣe tóbi tó ni àwòrán ṣe ń ṣú tó. Farciot Edouart, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé-iṣẹ́ fíìmù Paramount, lo pùrójẹ́kítọ̀ mẹ́ta tó ń ju àwòrán kan náà lé ara wọn lórí, kó lè mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ká sòótọ́, rélùwéè ló yẹ ọgbọ́n yìí jù. Nínú mọ́tò, dírẹ́bà á máa yí sítíárìn nígbà tí títì ẹ̀yìn rẹ̀ lọ gbọọrọ, àṣírí á tú. Ṣùgbọ́n wíńdò rélùwéè kéré, ó ti ní férémù tó bo etí sikiríìnì, ohun tó wà níta sì ń sáré débi pé bó bá ṣe bàìbàì, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn.

Ìyókù dọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kámẹ́rà ò rí. Àwọn kan ń fi igi mi kọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan ń gbé ẹ̀ka igi kọjá níwájú iná, òjìji rẹ̀ á sì rọra gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà kọjá bó ṣe ń gbé ife sẹ́nu.