"Ṣé Iná Kò Ní Gbé Mi?"

"Dókítà, ṣé iná kò ní gbé mi báyìí?" Ẹnu àwọn ìyá tí làkúrègbé mú lórúnkún ni mo ti sábà máa ń gbọ́ ọ, bí mo bá ti ń gbé páàdì ẹ̀rọ diathermy, ẹ̀rọ tó ń fi iná mú inú ara gbóná, sún mọ́ wọn. N kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tí iná ń ṣe fún iṣan ni ẹni tó la ọ̀nà iṣẹ́ yìí náà ń wádìí.

Jacques-Arsène d'Arsonval ni, dókítà kan ní Paris. Iná ilé wa ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣan á sì máa súnkì tẹ̀ lé e. Ní nǹkan bí 1891, d'Arsonval rí i pé bí lílọ bíbọ̀ náà bá ti yá ju ìgbà 10,000 lọ, iṣan kò lè bá a sáré mọ́. Ìgbóná nìkan ló kù. Ó wá lọ́ wáyà ńlá bí àgò adìẹ, aláìsàn á dúró sínú rẹ̀, wáyà kankan kò ní kàn án lára.

Nagelschmidt, dókítà ní Berlin, ló sọ ọ́ ní diathermy: ooru tó la inú kọjá, ní èdè Gíríìkì. Ooru aṣọ ìnura tí a rì bọ omi gbígbóná kì í jìnnà ju awọ àti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ lọ. Ti ẹ̀rọ yìí, inú ẹran ara ló ti ń jáde.

Ní àwọn ọdún 1920, ara àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ General Electric tó ń dúró ti ẹ̀rọ rédíò ní Schenectady, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ẹni tí ibà mú. Ní Vienna nígbà náà, dókítà Wagner-Jauregg ti ń mọ̀ọ́mọ̀ kó ibà ran àwọn tí àrùn sífílísì ti wọ̀ lọ́pọlọ, láti fi wò wọ́n. (Ibà tí àwa ń sá fún! Wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1927.) Àwọn dókítà wá ń fi ẹ̀rọ rédíò dá ibà láìsí ẹ̀fọn, títí oògùn pẹnisílíìnì fi dé.

Iná ẹ̀rọ tiwa lónìí ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 27 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò ní gbé yín, ṣùgbọ́n kò ní ta yín lólobó náà. Awọ yín nìkan ló lè sọ pé ó ti pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́kọ́ fi omi tútù àti omi gbígbóná dán an wò. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri lè jóná láìmọ̀. Irin tí wọ́n fi to egungun náà máa ń kó ooru jọ, ẹ sọ fún wa. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn sí láyà, kó má tilẹ̀ wọ yàrá yẹn.

Ooru tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni a ń wá. Bó bá ti ń ta yín, ẹ má ṣe akin. Ẹ ké sí mi.